Àbúrò Tó Búra Pé Òun Ni Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn tó ń wá sọ ìtàn ara wọn fún wa sábà máa ń bẹ̀ wá pé ká yí orúkọ àwọn padà. Fọláránmi kò bẹ̀ wá. Ó ní ká kọ orúkọ òun bó ṣe wà, ká kọ iṣẹ́ òun, ká sì kọ ọ́ pé ní Challenge nílùú Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń lẹ táyà wà. Ẹni tó bá fẹ́ bú òun, kó wá síbẹ̀ wá bú òun lójúkojú.

"Mo ṣe ohun tí mo ṣe," ló wí. "Ọ̀kan nínú rẹ̀ ń dùn mí títí di òní. Ìyókù kò dùn mí rárá."

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, nítorí iṣẹ́ tíṣà ló gbé bàbá rẹ̀ wá síbẹ̀. Lọ́dún 1988, nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ilé-iṣẹ́ kan tó ń hun aṣọ gbà á sínú ẹgbẹ́ rọ́gíbì wọn. Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin yẹn ni mò ń wí, tí wọ́n máa ń gbá mọ́ àyà sáré, tí wọn kì í jù síwájú, ẹ̀yìn nìkan ni. Ẹlẹ́ni méje ni tiwọn: èèyàn méje sí méje, ìṣẹ́jú méje, ìsinmi díẹ̀, ìṣẹ́jú méje mìíràn, ó parí.

Nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ni Fọláránmi. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Eré sísá ni wọ́n ń sanwó fún un, etí ìlà, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ pápá pátápátá, ló sì ti ń sá a. Ó sá a dé Jọ́ọ̀sì, ó sá a dé Kánò. Àmọ́ rọ́gíbì kì í ṣe fúbọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń wá wò wọ́n kò ju ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń kọjá lọ, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ ládùúgbò.

Nígbà tó di 1994, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a padà sí ìlú wọn. Fọláránmi ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Challenge.

Síbẹ̀ kò jáwọ́ nínú eré sísá. Lárààárọ̀, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, á sáré láti ilé dé Tanke, á sì sáré padà. Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni òun náà, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi ìwẹ̀ rẹ̀. "Ta lo ń sá fún gan-an?" á bi í. Fọláránmi á gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, á wọlé lọ wẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé kò tíì parí fún un. Ayọ̀díjí ni, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan, ìyá Fọláránmi ló sì tọ́ ọ. Fọláránmi fi ọdún méje jù ú lọ. Òun ló kọ́ ọ ní rọ́gíbì, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ti lẹ rọ́bà inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tí à ń sọ yìí, ọmọ polí ni Ayọ̀díjí, etí ìlà lòun náà sì ti ń gbá a.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1997, ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò tiẹ̀ dúró gba ṣéńjì.

"Bọ̀ọ̀dá Fọlá, ẹ gbọ́ nǹkan. Òyìnbó kan ń bọ̀ wá ṣa àwọn tí yóò máa gbá rọ́gíbì ẹlẹ́ni méje lókè òkun. Iṣẹ́ gidi ni níbẹ̀ báyìí. Alhaji Àmínù ló ń kọ orúkọ sílẹ̀ ní Tanke."

"Ta ni Àmínù?"

"Akọ̀wé ẹgbẹ́ tuntun. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ló wà láti ọdún gbọọrọ. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbí." Ó wá rọra gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọ́n ní ẹni tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rìnlélógún kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu."

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Fọláránmi nígbà náà. Ó ń lẹ táyà lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbójú sókè.

"Wò mí dáadáa. Ọmọ ọdún mélòó ni mo jọ?"

Ayọ̀díjí wò ó. Fọláránmi tín-ín-rín, kò sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ló ń tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. "Tí ẹ bá fá irùngbọ̀n yẹn," ló wí, "méjìlélógún."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò rí i pé kò sí èṣù kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan ló rí ilẹ̀kùn kan tó fẹ́ tì, ó sì fẹ́ sáré wọlé kó tó tì.

Alhaji ń béèrè ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹbí ẹni tó dàgbà juni lọ ló ń lọ kóòtù lọ búra rẹ̀. Bàbá Fọláránmi ti kú. Ìyá rẹ̀ kò ní gbé Bíbélì sókè búra irọ́ láyé.

"Ìwọ lo máa búra," ni Fọláránmi sọ fún Ayọ̀díjí.

"Èmi kẹ̀, Bọ̀ọ̀dá? Ẹ̀gbọ́n ló ń búra ọjọ́ orí fún àbúrò."

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n látòní lọ. Àwa méjèèjì la jọ máa lọ. Mo ṣèlérí fún ẹ."

Ayọ̀díjí bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Ní kóòtù tí wọ́n lọ, obìnrin akọ̀wé kan tí oorun ń kùn wo ìwé náà, ó wo Ayọ̀díjí. "Ṣé ìwọ yìí mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i?"

"Ẹ̀ẹ́n, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà náà?"

"Ọmọ ọdún méjì, mà."

"O sì rántí?"

Ayọ̀díjí wo Fọláránmi. Fọláránmi wo àjà. "Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mà," ni Ayọ̀díjí wí.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó na Bíbélì sí i, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Bí Ayọ̀díjí ṣe búra nìyẹn pé òun ni ẹ̀gbọ́n Fọláránmi.

Ìgbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù ni Fọláránmi tó rántí ohun tí ìwé kò lè bò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún wo ni yóò máa kí ọmọ ọdún méjìlélógún ní "ẹ kú àárọ̀"? Ta ni yóò máa pe àbúrò rẹ̀ ní Bọ̀ọ̀dá? Wọ́n ti tún ìwé ṣe, ó ku ẹnu.

"Látìsinsìnyí, kò sí 'ẹ' mọ́. 'O' ni. Fọlá ni orúkọ mi. Ó yá, sọ ọ́."

"Fọlá... ẹ..."

"Kì í ṣe ẹ."

"Fọlá, o... o jí dáadáa bí?"

Òógùn bo ọmọ náà. Kò lè wo ojú Fọláránmi sọ ọ́. Ó kọjú sí àwọn táyà tó tò síbẹ̀, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọláránmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Eré ló pè é nígbà náà.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn jókòó jẹun nílé ìyá Fọláránmi. Àjọkẹ́ ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Màmá ni gbogbo ilé ń pè é. Ayọ̀díjí ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí kò yẹ.

"Fọlá, sún omi yẹn síbí."

Màmá sọ ṣíbí sílẹ̀. "Ta lo bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Ayọ̀díjí ti wà nílẹ̀. "Ẹ dákun, Màmá. Ẹ má bínú."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Fọláránmi wí. "Èmi ni mo ní kó máa pè mí bẹ́ẹ̀." Ó sì ṣàlàyé. Kò fi ìwé kóòtù pamọ́. Fọláránmi kì í purọ́ fún ìyá rẹ̀.

Màmá gbọ́ ọ tán. Kò pariwo. "Ẹ̀yìn ẹ ni ọmọ yìí wà tó fi lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́," ló wí. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́, o pọ̀n ọ́n lọ, o pọ̀n ọ́n bọ̀. Lọ́jọ́ tó bá ti mọ́ ọn lára láti máa wí fún ẹ pé 'ìwọ', kí lo máa fi gba ipò ẹ padà?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Màmá kò jẹun mọ́. Nígbà tí wọ́n délé, Bọ́sẹ̀dé náà sọ tiẹ̀, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: "Tó o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Àmọ́ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé torí èmi àtọmọ ni."

Ọgbọ̀n èèyàn ni Alhaji Àmínù kó sí kááǹpù ní Tanke, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin gíga ni, fìlà funfun kì í kúrò lórí rẹ̀, kò sì fẹ́ràn ìwà pálapàla. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti kó wọn jọ.

"Àgbà ni àgbà níbí o," ló wí. "Àmáná, ohun ìfọkàntán, ni wọ́n fi yín ṣe lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá kéré ló ń pọnmi, òun ló ń fọ jẹ́sì. Wàllàhí, mi ò fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn."

Ó ka ọjọ́ orí wọn láti inú ìwé. Fọláránmi wà lára àwọn tó kéré jù.

Ó sì pọn omi. Ọkùnrin tó ní ìyàwó, tó ní ọmọ, ó ń gbé korobá fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tó ti ń gbowó oṣù. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Ayọ̀díjí sáré wá gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tí Fọláránmi fi wò ó ló lé e padà.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe ń lọ, ó mọ́ Ayọ̀díjí lára. Kò kọjú sí ibòmíràn mọ́ kó tó sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, níwájú gbogbo èèyàn, ó ju jẹ́sì rẹ̀ sórí itan Fọláránmi. "Fọlá, bá mi fọ èyí. Rí i pé o fọ ọrùn ẹ̀ dáadáa." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

Fọláránmi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló fa Ayọ̀díjí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

"O ti ń gbádùn ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n..."

"Má pè mí ní ẹ̀yin níbí. Wọ́n á gbọ́."

Ayọ̀díjí dúró, ó ń wò ó. "Kí wá ni kí n máa pè yín?" ló bi í.

Fọláránmi ní ibẹ̀ ló yẹ kí òun ti kó ẹrù òun relé. Kò kó o.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òyìnbó dé. Fìlà pupa kan ló dé, ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, etí ìlà ló máa ń dúró sí. Fọláránmi sì gbá a fún un. Àwọn ọmọ yẹn lágbára jù ú lọ, òmíràn nínú wọn tiẹ̀ yára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa já sí kí bọ́ọ̀lù náà tó mọ̀. Níbi tí wọ́n bá ń sáré lọ, á ti dúró síbẹ̀ dè wọ́n.

Alhaji wá bá a, inú rẹ̀ ń dùn. "Òyìnbó ní ìwọ ọmọ ọdún méjìlélógún yìí, orí ẹni tó ti gbá a fún ọdún mẹ́wàá ló wà lọ́rùn ẹ. Ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí."

Fọláránmi ní òun fẹ́ rẹ́rìn-ín, òun sì fẹ́ sunkún. Dípò méjèèjì, ó ní, "A dúpẹ́, sà."

Lọ́jọ́ kejì ni Alhaji pe òun àti Ayọ̀díjí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọ̀rọ̀ rèé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fẹ́ fún etí ìlà. Nínú ẹ̀yin méjèèjì ló máa mú, ẹ sì fẹ́ẹ̀ jọ wà bákan náà. Àmọ́ ó ní ọdún méjì tí Fọláránmi fi kéré ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ àwọn. Ayọ̀díjí, ọmọ mi, ọjọ́ orí tìẹ ti fẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹ gbá a ní Sátidé, ká wò ó, ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín."

Ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n dúró.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún tó jẹ́ òtítọ́ ti pàdánù fún ọdún méjìlélógún tó jẹ́ irọ́, ọmọ tó ni òtítọ́ náà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ búra irọ́ ọ̀hún.

"Ẹ ní àwa méjèèjì la jọ ń lọ," ni Ayọ̀díjí wí.

"Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ni wọ́n ń fẹ́."

"Ẹ lè sọ fún wọn pé ẹ ò lọ mọ́."

Fọláránmi ní kí n má bo ohun tó wà lọ́kàn òun. Táyà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú eruku Challenge, àti gbogbo òwúrọ̀ tí òun ti sáré lásán. Ó ní òun wo ọmọ tí òun pọ̀n, òun sì rí i pé òun fẹ́ nǹkan náà jù ú lọ.

"Ìwọ ṣì máa rí òmíràn," ló wí.

Àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé kò lè rí òmíràn. Ọdún tó ń bọ̀, ó ti lé ní mẹ́rìnlélógún nìyẹn.

Ayọ̀díjí mi orí. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú kòrókòró. "O ṣeun, Fọlá," ló wí, ó sì lọ.

Kò sí Alhaji nítòsí. Kò sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ọ̀kan tó ń dun Fọláránmi títí di òní nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ní ìgbátí kò dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ní láti sọ létí Alhaji. Kò sọ ọ́.

Sátidé dé, oòrùn mú. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n pín àwọn méjèèjì sí, ọ̀kan létí ọ̀tún, èkejì létí òsì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Fọláránmi. Ó yẹ ẹnì kan, ó yẹ ẹnì kejì. Ẹni kẹta ni Ṣàmsúdéènì, ọmọ kan tó tóbi tí kì í sọ̀rọ̀. Ṣàmsúdéènì gbé e látẹsẹ̀ délẹ̀, orí Fọláránmi ló kọ́kọ́ balẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ta lọ sọ́dọ̀ Ayọ̀díjí. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ìlà wà níbẹ̀, òyìnbó wà níbẹ̀, ìwé ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ayọ̀díjí sáré. Ó ku ìwọ̀nba ìgbésẹ̀ díẹ̀ kó gbé bọ́ọ̀lù lélẹ̀ lẹ́yìn ìlà, kó gba àyè tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà.

Ó bojú wẹ̀yìn. Fọláránmi kò dìde.

Ó ju bọ́ọ̀lù nù, ó sì sáré padà.

Fọláránmi kò kú, kò sì dákú. Èémí rẹ̀ ló sá, kò lè lajú. Àmọ́ ó ń gbọ́. Ó gbọ́ orúnkún tó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ má kú, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Màmá? Ẹ lajú, Bọ̀ọ̀dá, ẹ lajú ẹ wò mí."

Ó ti lé ní oṣù kan tí kò ti gbọ́ "Bọ̀ọ̀dá" lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe wà nílẹ̀ yẹn, ó dùn létí òun débi pé òun kò tètè fẹ́ lajú.

Nígbà tó lajú, Alhaji Àmínù ló rí. Alhaji gbé kẹ́tùlù omi dání, kò sì da omi náà.

"Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì?" ló bi wọ́n.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Alhaji," ni Ayọ̀díjí wí. "Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ."

"Tí ẹ̀rù bá ba èmi, àbúrò mi ni mo máa pe àbúrò mi."

Ó kó wọn lọ sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó jẹ́sì sí, ó ti ilẹ̀kùn. Fún ìgbà pípẹ́, ó ń ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀ níbi tí ìwé orúkọ wà, ó sì ń fa ọwọ́ náà jáde lófo.

"Mi ò fẹ́ fìtínà," ló wí. "Orúkọ Fọláránmi ti wà nínú ìwé yìí. Òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá. Tí ẹ bá sọ fún mi pé òtítọ́ ni ìwé kóòtù yẹn, mo gbà, ó tán. Àmọ́ èèyàn ló bí mi, kì í ṣe ẹran. Fọláránmi, ẹ̀gbọ́n rẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nítorí rẹ. Dọ̀bálẹ̀ kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àbúrò máa ń ṣe nìyẹn. Jẹ́ kí n rí i."



"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni Fọláránmi sọ fún wa, "pé mo lọ sílẹ̀. Ẹ má fi bò." Orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kan sìmẹ́ńtì. Ó ku àyà. Ó ní òun ń kà á lọ́kàn pé ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, lẹ́yìn rẹ̀ òun á wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ayọ̀díjí kò jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ó fò mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, gbalaja, àyà rẹ̀ lu sìmẹ́ńtì. "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ lọ, ẹ máa lọ, mo ti fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, orí kọ orí. Alhaji yọ ìwé náà lápò. "Ó ti yé mi," ló wí.

Ayọ̀díjí ṣì wà nílẹ̀, ó ń bẹ Alhaji pé kó foríjì wọ́n. Fọláránmi ló dìde.

"Dìde, Ayọ̀. A ò bẹ ẹnikẹ́ni." Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, Alhaji. Ọdún 1966 ni wọ́n bí mi. Ẹ mú orúkọ mi kúrò, kí ẹ fi tiẹ̀ sí i."

"Ẹni tó búra irọ́ ní kóòtù ńkọ́? Òun náà ò lè lọ."

"Mo tàn án ni. Mo sọ fún un pé ìwé ilẹ̀ bàbá wa ló ń fọwọ́ sí."

"Ọmọ polí ni. Kò lè kàwé?"

"Mo ní kó máa kánjú."

Alhaji wò ó títí. Ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ irọ́ nígbà tó bá gbọ́ ọ. Ayọ̀díjí la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Fọláránmi gbé ojú àtijọ́ yẹn lé e, ojú ẹ̀gbọ́n, ó sì pa á dé. Alhaji mú bírò. Irọ́ ìkẹyìn tí Fọláránmi pa nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó ní bí wọ́n bá jí òun lójú oorun òun á tún un pa.

Níta, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òyìnbó. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó wí báyìí wí báyìí.

"Ó ní kí o kàn sọ pé o kábàámọ̀," ni Alhaji wí. "Tó o bá sọ ọ́, òun á gbàgbé ẹ̀."

"Ẹ bá mi bi í, sà. Nígbà tó ní orí ọdún mẹ́wàá ló wà lọ́rùn mi, ṣé ó ń yìn mí ni àbí ó ń bú mi? Ọdún mẹ́wàá yẹn ni mo gbé wá fún un. Òun ló ní òun ò fẹ́ ẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Alhaji kò túmọ̀ èyí. Ó ní òyìnbó kò ní gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ lé Fọláránmi kúrò nínú ìdíje wọn títí ayé. Wọ́n ní wọ́n lè sọ ọ́ di ọdún méjì tó bá kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, tó sì kọ sínú rẹ̀ pé òun ti dàgbà jù. Kò kọ ọ́. Bọ́sẹ̀dé gbé bírò fún un lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí kò gbà á, ó dá a padà sínú báàgì iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ní òun ò mọ̀ pé òun fẹ́ràn agídí yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Ayọ̀díjí lọ ní January 1998. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń fóònù sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbá a dáadáa níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kún fún ọ̀wọ̀, kò sí "ẹ" kan tó sọ nù. Àmọ́ kò bá Fọláránmi ṣàwàdà mọ́. Nígbà kan rí, ọmọ náà kì í sọ gbólóhùn mẹ́ta láìfi irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀kọ́ tí mo ní fún àwọn òǹkàwé yín nìyẹn," ló wí. "Mi ò ní sọ fún wọn pé kí wọ́n má fẹ́ nǹkan. Mo fẹ́ ẹ, mo ṣì ń fẹ́ ẹ. Àmọ́ má kọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ bó ṣe máa rí ọ fín. Ó máa mọ̀ ọ́n."

Bí ẹ bá dé Tanke ní àárọ̀ Sátidé báyìí, lọ́dún 1999 yìí, ẹ ó bá a lórí ilẹ̀ gbalasa kan tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Awakọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé. Òfin kan ló wà: kí bọ́ọ̀lù tó kàn ọ́, wàá sọ ọjọ́ orí rẹ sókè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi alára lọ wò wọ́n. Ọkùnrin tuntun kan wá, Àhmádù, tẹ́là ni lọ́nà Ọjà-Ọba. Ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n," ni Fọláránmi kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, Àhmádù?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

Fọláránmi di bọ́ọ̀lù mú, kò jù ú. Àwọn tó kù dúró, ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Àhmádù fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ tó ń dán.

"Mẹ́rìndínlógójì," ló wí níkẹyìn.

"Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n," ni Fọláránmi wí, ó sì ju bọ́ọ̀lù sí i. "Ẹ máa sáré."